Ìyá Wa Kò Mọ̀ Pé Ọmú Ni Wọ́n Fẹ́ Gé

Lẹ́tà márùn-ún ni mo yàn lára àwọn tó wọlé lóṣù yìí, nítorí pé ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò, bí ẹnu tí wọ́n fi ń rò ó tilẹ̀ yàtọ̀: nígbà tí jẹjẹrẹ bá wọ ara ènìyàn, ta ló yẹ kí ó sọ bí a óò ṣe tọ́jú rẹ̀? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́ọ̀dù àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà ohun tí mo fojú ara mi rí wà nínú ìdáhùn wọ̀nyí. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, mo sì yọ ohun tó lè tú àṣírí ẹni tó kọ wọ́n.

Ìyá wa Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni màmá wa, àdìrẹ ni wọ́n ń tà ní Ìtòkú. Kókó kan yọ sí ọmú wọn òsì, wọ́n sì gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ni dókítà pè wọ yàrá, ó ní jẹjẹrẹ ni, àfi kí wọ́n gé ọmú náà kúrò. Ẹbí ṣèpàdé, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ sọ fún màmá, kí àyà wọn má baà já. Eéwo ni a sọ fún wọn pé ó wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni yóò sì fọwọ́ síwèé. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń bi mí pé, "Kí ni dókítà sọ gan-an?" Kí ni kí n ṣe? — Àbígbẹ̀yìn wọn, Abẹ́òkúta.

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú màmá. N kò ní bá ọ bú ẹ̀gbọ́n rẹ, nítorí pé ìfẹ́ ló mú un ṣe ohun tó ṣe, àṣà tí a sì bá nílé ni ó ń tẹ̀ lé. Ọmọ Yorùbá kì í ṣàdédé dárúkọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ejò tó bá wọlé lóru, okùn ni à ń pè é. Ṣọ̀pọ̀ná tó ń pa àwọn baba ńlá wa, Olóde ni wọ́n ń pè é, wọ́n tún ń pè é ní Ilẹ̀gbóná, kí ó má baà rò pé ẹnì kan ń ké sí òun. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé nígbà tí àwọn àgbà bá pe ejò ní okùn, gbogbo ilé ló mọ ohun tó wà nílẹ̀, ẹni tí ejò náà sún mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jù lọ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń kìlọ̀ fún. Orúkọ ni wọ́n ń fi pamọ́. Wọn kì í fi ejò pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ẹ ń ṣe fún màmá yàtọ̀ sí ìyẹn. Wọn yóò dùbúlẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú èrò pé eéwo ni wọ́n fẹ́ tú, wọn yóò jí, wọn yóò fọwọ́ kan àyà, ọmú kò ní sí níbẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì obìnrin kan lọ́jọ́ tí irú èyí ṣẹlẹ̀. Kò sunkún. Ó wo bándéèjì náà, ó wo ọmọkùnrin rẹ̀, ó sì yíjú sí ògiri; ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò fi bá ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí dókítà wá sọ fún un pé ó ku kímò, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, tí yóò gbà, ó ní kí wọ́n lọ fún ẹni tó fọwọ́ síwèé. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án, a kò sì rí i mọ́ ní kílíníkì wa.

Àní, ta ló sọ fún yín pé màmá kò mọ̀? Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ọ́ lálaalẹ́ yẹn, ìbéèrè ẹni tó ti fura ni. Ìyá àgbà kan wà tí àwọn ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé ọgbẹ́ inú ni ó ní, tí wọ́n sì bẹ gbogbo àwa nọ́ọ̀sì pé kí a má tú u. Nígbà kejì tó wá sí kílíníkì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá fọwọ́ pè mí súnmọ́ra, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, gbogbo àwọn tí irun ti tán lórí wọn yìí, ṣé ọgbẹ́ inú náà ló ń ṣe wọ́n?" Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé n kò mọ ohun tí mo lè sọ. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù kan tó ti mọ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé àwọn ọmọ òun kò fẹ́ kí òun mọ̀, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Báyìí ni ìyá àti ọmọ ṣe ń tan ara wọn jẹ nínú ilé kan náà, tí ẹni tí ara ń ro kò sì rí ẹni kan bá sọ̀rọ̀.

Ní ti òfin, ọ̀rọ̀ yìí kò ruju. Òfin Ètò Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 sọ ní abala 23 pé ẹni tó ń gba ìtọ́jú ni kí olùtọ́jú ṣàlàyé fún: bí ara rẹ̀ ṣe wà, oríṣiríṣi ìtọ́jú tó wà fún un, àǹfààní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ewu rẹ̀, iye tí yóò ná an, àti pé ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò fẹ́. Òfin náà fi kún un pé èdè tí ẹni náà gbọ́ ni kí wọ́n fi sọ ọ́ fún un, lọ́nà tó bá ìwọ̀n ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu. Òótọ́ ni pé òfin yọ̀ǹda kí dókítà dákẹ́ bí ẹ̀rí gidi bá wà pé sísọ rẹ̀ yóò pa ẹni náà lára, ṣùgbọ́n "àyà rẹ̀ lè já" tí ẹbí ń sọ kò tó ẹ̀rí. Dókítà tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ wọlé nígbà tí màmá jókòó síta sì ti ṣe ohun tí kò yẹ, nítorí pé abala 26 òfin náà sọ ọ̀rọ̀ ara aláìsàn di àṣírí tí a kò lè tú fún ẹlòmíràn, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ìbáà jẹ́, láìjẹ́ pé ó yọ̀ǹda. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bí ọpọlọ màmá bá pé, ọwọ́ ẹlòmíràn kò lè rọ́pò ọwọ́ tiwọn lórí ìwé iṣẹ́ abẹ.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹ kò lè mọ̀ bí màmá kò bá sí nínú ọ̀rọ̀ náà: bóyá gígé ọmú nìkan ni ọ̀nà tó wà. Bí kókó náà kò bá tíì tóbi, ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ òun nìkan pẹ̀lú díẹ̀ lára ẹran tó yí i ká, kí wọ́n sì fi ìtànṣán tó ń ti inú ẹ̀rọ jáde tọ́jú ìyókù ọmú náà. Ní ọdún 2002 ni àwọn oníṣègùn ní Ítálì àti Amẹ́ríkà gbé èsì jáde lórí àwọn obìnrin tí wọ́n ti tẹ̀ lé fún ogún ọdún, ó sì hàn pé àwọn tí wọ́n ṣe báyìí fún kò kú ju àwọn tí wọ́n gé ọmú wọn pátá lọ. Ṣùgbọ́n ìtànṣán náà kì í ṣe ohun tí à ń gbà lọ́jọ́ kan. Ojoojúmọ́ ni, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì pọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń gbé Abẹ́òkúta lè ní láti lọ wá ibi tí yóò wọ̀ sí ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Obìnrin kan yóò gbọ́ gbogbo èyí, yóò ní, "Ẹ gé e, kí n padà sí ìsọ̀ mi." Òmíràn yóò ní òun yóò lọ sùn lọ́dọ̀ àbúrò òun ní Mushin fún oṣù kan kí ọmú òun lè wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ òmùgọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Èwo ni màmá tìrẹ? Ìwọ kò mọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ kò mọ̀, dókítà náà kò sì mọ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Bí kókó náà bá sì ti tóbi débi pé gígé rẹ̀ nìkan ló kù, tàbí pé kímò ni yóò kọ́kọ́ súnkì rẹ̀, àwọn náà ni yóò pinnu ẹni tí yóò jókòó sí ìsọ̀, ta ló jẹ wọ́n lówó àdìrẹ, àti bóyá kí wọ́n dúró kí ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ ná, kí ó má rò pé o dà á; mú ìwé ìròyìn yìí lọ bí o bá fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá dókítà pé kí ó bá màmá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ní Yorùbá, lórí ìjókòó, kí ó má jẹ́ ní kọ́rídọ̀. Kí èsì tó jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, kí a bi màmá ní ìbéèrè méjì. Èkíní: "Màmá, kí ni ẹ rò pé ó ń ṣe yín?" Ẹnu á yà yín. Èkejì: "Ṣé ẹ fẹ́ kí dókítà sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, àbí ẹ fẹ́ kí ó bá Bọ̀dá sọ ọ́?" Bí wọ́n bá ní, "Ẹ bá àkọ́bí mi sọ ọ́, ohun tó bá ní kí a ṣe ni kí a ṣe," ẹ̀tọ́ wọn ni, ìpinnu tiwọn náà nìyẹn, kí dókítà sì kọ ọ́ sínú fáìlì. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàrin kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ àti kí ọmọ jí i gbé.

Ẹ ǹlẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Dókítà ní jẹjẹrẹ wà nínú prostate mi, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ṣùgbọ́n kò tíì jáde kúrò níbẹ̀. Ó ní a lè ṣe iṣẹ́ abẹ, a lè lo ìtànṣán, a sì lè máa ṣọ́ ọ, kí n lọ rò ó kí n wá sọ èyí tí mo fẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi sọ gbogbo rẹ̀. Ṣé èmi ni dókítà ni? Bí mo bá gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ṣé yóò bi mí pé irinṣẹ́ wo ni kí òun lò? — Tíṣà, Òṣogbo.

Tíṣà, ẹ kú ìfaradà. Inú tó bí yín tọ́. Bí ti màmá Abẹ́òkúta ṣe burú ni tiyín náà burú: wọ́n ti òun sẹ́yìn, wọ́n sì ta ẹ̀yin síwájú láìfún yín ní àtùpà. Kí a fi aláìsàn sínú ìpinnu kò túmọ̀ sí pé kí a da gbogbo rẹ̀ lé e lórí kí a sì wẹ ọwọ́ tiwa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín fa ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì yẹn díẹ̀. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kò ní bi yín léèrè irinṣẹ́, òótọ́ ni. Yóò bi yín pé, "Alàgbà, ṣé Èkó lẹ fẹ́ gbé e lọ lọ́la, àbí ṣọ́ọ̀ṣì nìkan lẹ ń gbé e lọ ní Sọ́ńdè? Ṣé ẹ fẹ́ tà á lọ́dún yìí?" Bí ẹ bá ti dáhùn ni yóò tó mọ irinṣẹ́ tí yóò mú. Dókítà mọ jẹjẹrẹ, ẹ̀yin lẹ mọ ayé tí ẹ̀ ń gbé, ìtọ́jú tó dára sì nílò ìmọ̀ méjèèjì.

Ìdí tí wọ́n fi lè fi ọ̀nà mẹ́ta lọ ènìyàn ni pé, fún irú jẹjẹrẹ tí kò tíì jáde yìí, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í jìnnà síra ní ti ẹ̀mí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pín ọkùnrin 1,643 sí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo wọn jẹ́ ẹni ọdún 50 sí 69 nígbà tí àyẹ̀wò fi jẹjẹrẹ náà hàn, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èsì tó jáde ní 2023 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún, bíi mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni jẹjẹrẹ náà kò pa, ọ̀nà yòówù tí wọ́n ìbáà gbà. Jẹjẹrẹ náà tàn nínú ara àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ tó bí ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n kò mú kí ikú wọn pọ̀ sí i láàrin ọdún wọ̀nyẹn. Ibi tí ìyàtọ̀ gidi wà ni ìgbésí ayé: iṣẹ́ abẹ lè mú kí ìtọ̀ máa jò kí nǹkan ọkùnrin má sì dìde bíi tàtẹ̀yìnwá, ìtànṣán lè da ìgbẹ́ ènìyàn rú, ṣíṣọ́ sì ń fẹ́ ọkàn tó lè gbé mímọ̀ pé jẹjẹrẹ wà lára láìsí pé ó ń jí lóru.

N kò gbọdọ̀ ṣàì sọ fún yín pé aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn, jẹjẹrẹ prostate sì máa ń le jù lára àwa aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà, ẹ má fi èsì yẹn mú ìpinnu lórí ara yín láìjẹ́ pé dókítà yín sọ bí tiyín ṣe le tó lójú ẹ̀rọ àti iye tí PSA yín, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe nítorí prostate, jẹ́.

Ẹ padà lọ, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ mú ìyàwó yín dání, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n. Ọkùnrin púpọ̀ ni mo ti rí tó yan iṣẹ́ abẹ láìsọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ fún aya rẹ̀, tí ilé sì dàrú. Ẹ kọ ìbéèrè yín sínú ìwé bí ẹ ti máa ń kọ ìlànà iṣẹ́ fún kíláàsì, ẹ sì tọrọ àyè láti gba ohùn dókítà sílẹ̀ lórí fóònù, nítorí pé ẹ̀rù kì í jẹ́ kí etí gbọ́ ju ìdajì lọ. Ẹ béèrè pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá dúró fún oṣù mẹ́ta. Ẹ béèrè iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ná yín àti ibi tí ẹ óò ti gbà á. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá sọ fún un pé, "Dókítà, ohun tó jẹ mí lógún nìyí, ohun tí mò ń bẹ̀rù nìyí, bí ẹ ti gbọ́ ọ yìí, èwo lẹ̀yin yóò dámọ̀ràn, kí sì ni ìdí rẹ̀?" Dókítà tó bá ní òun kò lè dámọ̀ràn lẹ́yìn èyí, ẹ wá òmíràn.

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ló ń ṣe mí, ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Mo ti gba kímò, wọ́n sinmi, ó tún padà dé, wọ́n wá fẹ́ fi òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Mo fẹ́ jókòó sílé mi. Àwọn ọmọ mi ní bí mo bá dáwọ́ dúró, mo fẹ́ pa ara mi nìyẹn, pásítọ̀ wa sì ní àìnígbàgbọ́ ni. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo dá?

Ẹ̀gbọ́n mi, rárá o. N kì í ṣe pásítọ̀, ṣùgbọ́n mo lè sọ ohun tí òfin sọ. Ní 2001, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ dókítà kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn nítorí pé kò fipá fa ẹ̀jẹ̀ sí obìnrin kan tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò gba ìfàjẹ̀sínilára, obìnrin náà sì kú. Ilé ẹjọ́ ní dókítà náà kò jẹ̀bi, nítorí pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ló ni ara rẹ̀, ó sì lè kọ ìtọ́jú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni.

Kí ẹ tó sọ pé ó parí, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí àwọn aláìsàn wa kì í sábà bi: "Kí ni oògùn tuntun yìí fẹ́ ṣe fún mi? Ṣé láti wò mí sàn ni, láti fi oṣù díẹ̀ kún ọjọ́ mi ni, àbí láti dín ìrora kù?" Bí ó bá ní oṣù díẹ̀ ni, ẹ béèrè mélòó, àti mélòó nínú rẹ̀ tí ẹ óò lò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Àárín méjèèjì tún wà: wọ́n lè dín ìwọ̀n oògùn náà kù, wọ́n lè fún yín ní ìsinmi gígùn sí i, wọ́n sì lè fún yín ní oògùn èébì tó ju èyí tí ẹ ń lò lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má pinnu nínú ọ̀sẹ̀ tí èébì ń gbé yín. Ẹ jẹ́ kí ara ó silẹ̀ ná, kí ẹ jẹ ẹ̀kọ gbígbóná kan kí ó dúró nínú yín, kí ẹ wá bi ara yín léèrè. Bí ìdáhùn bá ṣì jẹ́ ọ̀kan náà, a jẹ́ pé ó dá yín lójú.

Ẹni tó bá fi kímò sílẹ̀ kò fi ìtọ́jú sílẹ̀. Ìtọ́jú ìdẹ̀ra wà, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lé ìrora, àìsùn àti àìlèmí dáadáa lọ, tí àwọn tó ń ṣe é sì ń bá ẹbí sọ̀rọ̀. UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó dá dúró fún un. Mọ́fíìnì olómi tí à ń mu wà fún ìrora, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ pé yóò di bárakú dẹ́rù bà yín. Ní ti àwọn ọmọ, ẹ pè wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà pẹ̀lú yín, kí wọ́n gbọ́ ìdáhùn ìbéèrè yẹn fúnra wọn. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìpara-ẹni, ẹ̀rù pé ẹ óò fi wọ́n sílẹ̀ ni.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ó ti tó ogún ọdún tí bàbá mi ti wà lọ́dọ̀ wa ní Peckham, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì wọn kò jinlẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ní. Èmi ni ògbufọ̀ wọn. Dókítà ní kò ṣeé wò sàn, mo sọ fún bàbá pé ó ní yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ. N kò lè sùn mọ́. — Fúnkẹ́, London.

Fúnkẹ́, kúrò ní ìdí iṣẹ́ ògbufọ̀ lónìí, kí o padà jẹ́ ọmọ. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Bìrìtìkó ń pèsè ògbufọ̀ láìgba owó lọ́wọ́ aláìsàn, Yorùbá sì wà lára èdè tí wọ́n ń rí ògbufọ̀ fún. Pe kílíníkì náà ṣáájú ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀, kí o sì sọ pé bàbá rẹ nílò rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sọ ní 2015, nínú ẹjọ́ ìyá kan tí wọn kò sọ ewu ìbímọ rẹ̀ fún, pé ohun tó lè ṣe pàtàkì lójú aláìsàn tó jókòó síwájú dókítà ni kí dókítà sọ fún un, kì í ṣe ohun tí dókítà nìkan rò pé ó tó. Ṣùgbọ́n báwo ni dókítà yóò ṣe ṣe é bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń yípadà lẹ́nu rẹ? Bàbá lè fẹ́ lọ sí ilé wọn ní Nàìjíríà nígbà tí wọ́n ṣì lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tí a sọ fún pé "yóò pẹ́ díẹ̀" kò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì. Jókòó tì wọ́n nígbà tí ògbufọ̀ bá ń sọ ọ́, di ọwọ́ wọn mú, má sì ṣe ṣàtúnṣe.

Mo fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kò kà á, nítorí pé mo gbàgbé ìgò ojú mi sílé, nọ́ọ̀sì sì ní kí n tètè ṣe. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ni iṣẹ́ abẹ náà. Ṣé ó ti bọ́? — Àkúrẹ́.

Kò tíì bọ́, ìyá mi. Ìbùwọ́lùwé kì í ṣe ìbúra. Ohun tí ẹ kò gbọ́ yé, ẹ kò tíì gbà, ìbáà jẹ́ ìtẹ̀ka tàbí kíkọ orúkọ. Ní Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, wọ́n máa ń ní kí obìnrin fọwọ́ síwèé kan ṣoṣo tó gba àyẹ̀wò kókó àti gígé ọmú pọ̀, tó fi jẹ́ pé yóò sùn láìmọ̀ bóyá yóò jí pẹ̀lú ọmú tàbí láìsí i. Ní 1974 ni akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Rose Kushner ní òun kò gbà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ná, kí wọ́n jẹ́ kí òun jí, kí òun rò ó. Ọ̀pọ̀ dókítà oníṣẹ́ abẹ kọ̀ fún un kí ó tó rí ẹni tó gbà. Nígbà tó di 1979, ìgbìmọ̀ ìjọba tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa ya méjèèjì sọ́tọ̀. Aláìsàn kan ló bẹ̀rẹ̀ ìyẹn o, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹ lọ sí ọsibítù náà lọ́la, kí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n ka ìwé yẹn sí yín létí ní Yorùbá. Ẹ wò ó bóyá orúkọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni èyí tí wọ́n sọ fún yín, bóyá ọmú tí wọ́n kọ ni èyí tó ń ṣe yín, àti bóyá ibì kan wà tó sọ pé wọ́n lè ṣe ohun mìíràn bí wọ́n bá débẹ̀. Èyí tí kò bá yé yín, kí wọ́n tún un sọ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ti gbé yín dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, bí abẹ́rẹ́ oorun kò bá tíì wọ ara yín, ẹ ṣì lè ní kí wọ́n dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ fi ìgò ojú yẹn sínú báàgì yín láti alẹ́.